Gbèsè Ni Tàbí Sàráà? Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìjọba àti Ẹ̀kọ́ Àgbà

Kò sí ọdún tí mo yẹ ìwé àròkọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò tí n kò bá òwe kan pàdé nínú rẹ̀ ní ìgbà tí kò níye: 'Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà.' Bí a bá ní kí wọ́n kọ àròkọ lórí ìwà ọmọlúàbí, òwe yìí ni. Bí ó bá jẹ́ lórí ojúṣe ìjọba, òun náà ni. Àní ẹni tí a ní kí ó kọ lẹ́tà sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní òkè òkun a máa wá àyè fún un. N kò bínú sí òwe náà, nítorí òótọ́ ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò dáhùn, tí àwa olùkọ́ kì í sì í bi àwọn ọmọ wa: ọmọ tí a kò kọ́ yẹn, ibo ni ó wọlẹ̀ sí? Ṣé ọmọdé ni yóò máa jẹ́ títí láé ni? Ó dàgbà. Ó gbéyàwó, tàbí ó lọ sí ilé ọkọ. Ó ń san owó-orí, ó ń dìbò, ó ń tẹ ìka sí orí ìwé tí kò lè kà. Púpọ̀ nínú wọn kò sì gbé ilé kankan tà. Àwọn gan-an ni wọ́n ru búlọ́ọ̀kù tí a fi kọ́ ọ.

Owó tí ìjọba ń ná lórí ẹ̀kọ́ irú àgbàlagbà bẹ́ẹ̀, tàbí tí ó yẹ kí ó ná, kí ni a lè pè é? Ṣé sàráà ni, àbí gbèsè? Ó lè dà bí ẹni pé orúkọ lásán ni a ń jà lé lórí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣe sàráà ni ó ni ọjọ́ tí yóò ṣe é. Òun ni ó ni ìwọ̀n àkàrà tí yóò pín. Òun ni ó sì mọ ìgbà tí yóò dáwọ́ dúró. Ẹni tí ó nawọ́ gbà á yóò ṣàdúrà fún un, yóò sì máa lọ. Kò lẹ́nu láti béèrè ìdí tí ti ọdún yìí kò fi tó ti èṣí. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jẹ ní gbèsè kì í kúnlẹ̀ kí ó tó gba owó rẹ̀. Ọjọ́ wà tí a dá fún un, bí ọjọ́ náà bá sì yẹ̀, onígbèsè ni ojú ń tì. Bí a bá mọ èyí tí ẹ̀kọ́ àgbà jẹ́ nínú méjèèjì, a ó mọ ẹni tí ó yẹ kí ojú máa tì nígbà tí owó rẹ̀ kò bá wọlé: ṣé ìyá tí ó wá kọ́ A, B, D ní ìrọ̀lẹ́ ni, àbí ìjọba.

Ìfàkò ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Fún àwọn tí kò mọ agbègbè náà, ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ díẹ̀. Ara Agége ni Ìfàkò-Ìjàyè títí di 1996 tí a yọ ọ́ sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ìjọba ìbílẹ̀. Ojú-irin tí ó ti Èkó lọ sí Ìbàdàn gba inú rẹ̀ kọjá. Ibẹ̀ náà ni ilé omi Ìjú wà, tí ó ti ń fún Èkó lómi láti ayé àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, àwọn ènìyàn ibẹ̀ a máa wọ́ lọ sí àwọn ilé-iṣẹ́ tí ó wà ní Ọgbà àti Ìkẹjà. Àwọn kan ń fi ẹsẹ̀ rìn, àwọn kan há ara wọn mọ́ inú ọkọ̀. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, wọn a tún wọ́ padà. Àkókò díẹ̀ tí ó wà láàárín ìpadàwálé yìí àti oúnjẹ alẹ́ ni ẹ̀kọ́ àgbà ní.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, èmi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ mi méjì a máa kọ́ àwọn àgbà ní yàrá kan nínú ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní àdúgbò wa. Bẹ́ńṣì àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń jókòó lé. Ẹni tí kò bá tí ì rí bàbá tí ó ká orúnkún rẹ̀ dé àgbọ̀n lórí irú bẹ́ńṣì bẹ́ẹ̀, tí ó fi ìka tí ó ti le bí pákó di pẹ́ńsùlù mú, kò tí ì mọ ohun tí a ń pè ní ìgboyà.

Ìyá kan wà láàárín wọn tí ó ń ta ẹja gbígbẹ ní etí ojú-irin. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún. Ní nǹkan bí 1981 ni wọ́n mú un wá sí Agége láti abúlé kan lẹ́bàá Ìsẹ́yìn, láti wá máa ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ilé ìbátan kan. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ìpínlẹ̀ Èkó yóò rántí pé ìjọba Lateef Jakande, tí ó wà lórí oyè láti 1979 sí 1983, ti sọ ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́ ní àkókò náà, ó ti fi òpin sí ètò tí ó mú kí àwọn ọmọ kan máa lọ ní òwúrọ̀ kí àwọn mìíràn sì máa lọ ní ọ̀sán, ó sì ń kọ́ yàrá ìkàwé káàkiri. Ilé-ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wà ní òdìkejì títì. Àwọn ọmọ ilé náà ń lọ síbẹ̀. Òun ni ó ń fọ aṣọ wọn, òun ni ó ń lọ̀ ọ́, òun ni ó sì ń gbé oúnjẹ ọ̀sán lọ fún wọn dé ẹnu ọ̀nà. Ní ọjọ́ kan tí a ń kọ́ ìṣirò, ó dá mi dúró, ó ní: 'Tíṣà, gbogbo aṣọ ilé-ìwé tí mo fọ̀ nígbà yẹn, ẹ dákun, ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.' Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín. N kò lè rẹ́rìn-ín, nítorí mo mọ̀ pé ìbéèrè tí ó tọ́ ni ó bi mí, n kò sì ní ìdáhùn.

Àwọn baba wa mọ irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá yá owó a máa fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ olówó. Iṣẹ́ tí ọmọ náà bá ń ṣe, èlé owó ni, kì í dín ojú owó kù. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá kí gbèsè náà ṣì wà ní odidi. Ó le, ṣùgbọ́n gbogbo ayé mọ̀ pé gbèsè wà níbẹ̀, wọ́n mọ ẹni tí ó jẹ ẹ́, wọ́n sì mọ iye rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ayé òde òní kò ní orí ire bẹ́ẹ̀. Ó fi ìgbà èwe rẹ̀ ṣe èlé fún ìwé tí ẹlòmíràn kà, nígbà tí ó sì dàgbà tán, a sọ fún un pé ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá.

Ní ọjọ́ kejì ìbéèrè yìí ni mo sọ ọ́ ní yàrá àwa olùkọ́. Ọ̀gá kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ náà jù mí lọ gbé gíláàsì ojú rẹ̀ sílẹ̀, ó ní: 'Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí àánú sọ yín di ẹni tí kò ríran. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ ti lé ní ọgọ́rin nínú yàrá kan. Àwọn mìíràn ń dúró. Ẹ wá ní kí ìjọba máa náwó lórí ẹni tí ó ti ní ọmọ-ọmọ? Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò.' Mo bọ̀wọ̀ fún bàbá yìí. Kì í ṣe ènìyàn búburú, òótọ́ sì ni ohun tí ó sọ nípa àwọn ọmọ tí ń dúró. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni èrò ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a kò tilẹ̀ sọ ọ́ jáde; òun náà ni èrò àwọn tí ń pín owó, bí a ó ti rí i. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ dá a lóhùn bí ó ti yẹ, kì í ṣe kí n fi ẹkún ìyá ẹlẹ́ja bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkẹjà àti Agége wà títí di 1967 tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀, nítorí náà ìtàn Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ ìtàn Ìfàkò pẹ̀lú. Ní oṣù kìíní 1955 ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ ní ọdún tí ó ṣáájú kò tó 500,000. Ní ọdún kan ṣoṣo wọ́n ti lé ní 800,000. A ti kọrin yin ìjọba náà, ó sì yẹ kí a yìn ín. Ohun tí a kì í sábà kọ lórin ni ibi tí owó ti wá. Ní 1953 ìjọba gbé owó-orí pàtàkì kan dìde fún ẹ̀kọ́ àti ìlera, ṣílè mẹ́wàá àti sísì fún ọkùnrin kọ̀ọ̀kan tí ó ń san owó-orí. Àwọn ènìyàn kùn gan-an. Ó sì wà lára ohun tí a gbà pé ó mú kí ẹgbẹ́ ìjọba fìdí rẹmi nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Bí wọ́n ti kùn tó, wọ́n san án. Ta ni àwọn tí ó san án? Àgbẹ̀ ni wọ́n, alágbẹ̀dẹ ni wọ́n, àwọn tí ń gbin obì ní Agége wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn kò lè ka ìwé owó-orí tí a já fún wọn. Ẹni tí kò mọ̀wé ni ó san owó tí ọmọ ẹlòmíràn fi mọ̀wé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe sọ fún mi pé ọmọ ara wọn náà ni wọ́n ń sanwó fún. Àwọn kan bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò tí ì lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ rárá ní 1955 ti ga ju ẹnu ọ̀nà tí a ṣí sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ san ṣílè mẹ́wàá àti sísì bí ti àwọn yòókù. Ìlà ni ìjọba fà sílẹ̀. Ó pọn dandan kí ìlà wà níbì kan, n kò dá wọn lẹ́bi fún un. Mo kàn ń sọ pé ẹni tí a fi sí ẹ̀yìn ìlà, tí a sì gba owó rẹ̀, a jẹ ẹ́ ní nǹkan.

Ǹjẹ́ ìjọba wa tí ì ṣe bí onígbèsè rí? Ó ti ṣèlérí dáadáa. Ìlànà orílẹ̀-èdè lórí ẹ̀kọ́ tí a gbé jáde ní 1977 fún ẹ̀kọ́ àgbà ní abala tirẹ̀. Ní 1982, Ààrẹ Shehu Shagari bẹ̀rẹ̀ ìpolongo mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà tí ó yẹ kí ó gba ọdún mẹ́wàá, kí ó sì parí ní 1992. Ní 1990 a fi òfin dá àjọ kan sílẹ̀ fún iṣẹ́ náà ní gbogbo orílẹ̀-èdè. Èkó náà ní àjọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn Yunifásítì tí a ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn ni ó fi ọ̀nà tí a gbà ń wo ọ̀rọ̀ yìí hàn mí jù lọ. Ní 1983 ni a ṣe òfin tí ó dá a sílẹ̀, kí òṣìṣẹ́ lè máa kàwé láti ilé láìfi iṣẹ́ sílẹ̀. Ní òpin ọdún náà àwọn ológun gba ìjọba. Ní 1984 wọ́n dá a dúró, nítorí owó kò sí. Ọdún 2002 ni a tó jí i dìde. Ọdún méjìdínlógún! Àwọn yunifásítì tí àwọn ọ̀dọ́ ń lọ náà jìyà ní àkókò yẹn, ṣùgbọ́n a kò ti ìlẹ̀kùn wọn pa fún ọdún méjìdínlógún. Nígbà tí ọbẹ̀ kò kárí, abọ́ àgbà tí ó fẹ́ kàwé ni a kọ́kọ́ dà délẹ̀. Bí a ti ń ṣe sàráà nìyẹn. Ẹni tí ó bá jẹ́ ogún ọdún ní 1984 ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí.

Òfin ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ti 2004 tún yani lẹ́nu ju èyí lọ, mo sì rọ ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò láti kà á fúnra yín. Ní ibi tí a ti túmọ̀ ohun tí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ jẹ́ nínú òfin náà, a ka mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà mọ́ ọn ní gbangba, pẹ̀lú ti àwọn darandaran àti ti àwọn ọmọ tí ń sùn ní ojú títì. Òfin kan náà ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó àpapọ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ náà. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìlànà tí a gbé kalẹ̀ fún bí àwọn ìpínlẹ̀ yóò ṣe ná ìpín tiwọn: nínú náírà 100, náírà 5 fún àwọn ọmọ tí kò tí ì wọ kíláàsì kìíní, náírà 60 fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, náírà 35 fún ọdún mẹ́ta àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ẹ ṣírò rẹ̀. Ọgọ́rùn-ún pé. Àgbà wà nínú ìtumọ̀, kò sí nínú ìpín. Bí ẹni tí a pe orúkọ rẹ̀ níbi ogún, tí a wá pín ogún náà tán lójú rẹ̀ láìfi nǹkan kan sí ọwọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan. Ìròyìn kan tí UNESCO gbé jáde ní 2019 lórí ẹ̀kọ́ àgbà ní gbogbo àgbáyé fi hàn pé, nínú orílẹ̀-èdè márùn-ún márùn-ún tí ó dáhùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan ni kì í ná tó ìdajì náírà lórí àgbà nínú gbogbo náírà 100 tí ó bá ná lórí ẹ̀kọ́. Àwọn tí ó ṣe bí ẹni pé gbèsè ni kò pọ̀. Julius Nyerere ti Tanzania wà lára wọn. Nígbà tí ó ń ṣàlàyé ètò ọdún márùn-ún ìjọba rẹ̀ ní 1964, ó sọ pé àwọn àgbà ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ kọ́, nítorí ọdún púpọ̀ ni yóò kọjá kí ẹ̀kọ́ tí a fún ọmọdé tó ṣe orílẹ̀-èdè ní àǹfààní. Ó sì fi 1970 ṣe ọdún ẹ̀kọ́ àgbà. Ìdáhùn kan nìyí fún ọ̀gá mi: igi tí ó ti dàgbà ni ó ń so èso lọ́wọ́.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé irú ìdáhùn yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn tán. Àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀kọ́ àgbà a máa yára sọ àǹfààní rẹ̀. A ó ní bí ìyá bá mọ̀wé, yóò lè ka ohun tí a kọ sára ìgò oògùn ọmọ. Bí bàbá bá mọ̀wé, yóò lè yẹ iṣẹ́ àṣetiléwá ọmọ rẹ̀ wò. Òtítọ́ ni, àgbà kì í sì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n ẹ fetí sí ohun tí a ń sọ níbẹ̀: nítorí ọmọ náà ni a ṣe fẹ́ kọ́ ìyá. A tún ti sọ ọ́ di ọmọ ọ̀dọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí mo bi ìyá ẹlẹ́ja ní ohun tí ó gbé e wá, kò dárúkọ ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó ní ó ti sú òun kí ọmọkùnrin inú báńkì máa di òun ní àtàǹpàkò mú bí ẹni di adìyẹ mú, kí ó máa tẹ̀ ẹ́ sínú tàdáwà. Orúkọ ara rẹ̀ ni ó fẹ́ kọ. Bí kò bá tilẹ̀ mú kọ́bọ̀ kan wọ àpò orílẹ̀-èdè, bí kò bá sì ní ọmọ kankan láyé, ohun tí a jẹ ẹ́ kò dín kù. A kì í béèrè lọ́wọ́ ẹni tí a jẹ ní gbèsè pé kí ni ó fẹ́ fi owó rẹ̀ ṣe kí a tó san án.

Nípa ìrókò ọ̀gá mi, mo gbà pé òwe náà dára fún ìwà tí ó wọ́. Ẹni tí ó ti jẹ́ olè fún ogójì ọdún, iṣẹ́ ńlá ni láti tún un ṣe. Ṣùgbọ́n àìmọ̀wé kì í ṣe ìwà. Kò sí ẹ̀ka kankan tí a fẹ́ pẹ̀. Ọ̀rọ̀ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ni a ń sọ.

Ǹjẹ́ gbogbo ẹ̀kọ́ tí àgbà bá ń kọ́ ni gbèsè tí ìjọba jẹ? Rárá o, ó sì yẹ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ara mi. Lẹ́yìn tí mo ti gba oyè àkọ́kọ́ ni mo lọ kọ́ dípúlómà ìmọ̀ olùkọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ ni mo ń lọ, owó tí mo sì yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ni mo fi san án. Ó bí mi nínú nígbà náà. Mo rò pé ìjọba ni ó yẹ kí ó san án, nítorí iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe. Nísinsìnyí, mo rò pé bóyá ìdajì ni ì bá san. Mo ti jẹun lára owó ìlú láti kíláàsì kìíní títí dé yunifásítì. Ìwé-ẹ̀rí náà sì mú owó-oṣù mi gòkè. Ẹni tí a ti bu oúnjẹ fún lẹ́ẹ̀mẹta kò lè wà ní ipò kan náà pẹ̀lú ẹni tí kò tí ì fojú kan àwo. Bí mo bá ní láti tò wọ́n, ìyá tí kò lè kọ orúkọ rẹ̀ ni ó wà níwájú. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹni tí ó ka ìwé mẹ́fà tí ó ń wá ìwé mẹ́wàá. Àwa oníwèé-ẹ̀rí, ẹ jẹ́ kí a wà lẹ́yìn.

Àwọn kan tún wà tí ó jẹ́ pé ilé-iṣẹ́ ni ó yẹ kí ó san tiwọn. Ìjọba mọ èyí láti ọjọ́ pípẹ́: òfin kan ní 1971 dá àjọ tí ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ó sì ní kí ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ bá tó iye kan máa dá náírà 1 sínú àpò àjọ náà nínú náírà 100 tí ó bá san fún wọn. Nínú gbogbo òfin tí mo ti mẹ́nu bà, èyí ni ó sún mọ́ ìlànà gbèsè jù, nítorí ó dá iye, ó sì dárúkọ ẹni tí yóò san. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ń rí ní àyíká wa ni pé àwọn tí ó ti mọ̀wé, tí ó jókòó sí ọ́fíìsì, ni a sábà ń rán lọ kọ́ nǹkan sí i. Ẹni tí ń ru ẹrù ní ẹ̀yìn ilé-iṣẹ́, tí a ń sanwó fún ní ojoojúmọ́, kò sí ẹni tí ó rántí rẹ̀. Nígbà tí Dunlop dáwọ́ ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní 2008, kì í ṣe iṣẹ́ nìkan ni ó parẹ́. Ìmọ̀ àwọn tí ó ti fi ogún ọdún po rọ́bà di ohun tí ẹnikẹ́ni kò rà mọ́ ní agbègbè náà. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mọ̀wé dáadáa kí ó sì tún nílò kí a kọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ta ni ó jẹ ẹ́? Ilé-iṣẹ́ tí ó ti kógbá wọlé kò lè sanwó fún ẹnikẹ́ni. N kò rí ẹlòmíràn ju ìjọba tí ó gba owó-orí lọ́wọ́ rẹ̀ ní gbogbo ogún ọdún náà.

Mo mọ ohun tí ọ̀gá mi yóò tún sọ: 'Kí onígbèsè tí kò ní owó ṣe ńkọ́?' Ìbéèrè yìí le, n kò sì ní ṣe bí ẹni pé mo ti borí rẹ̀. Bí a bá fún èmi gan-an ní owó tí ó tó bẹ́ńṣì ogún péré, tí àwọn ọmọ ọgọ́rin ń dúró ní ẹ̀gbẹ́ kan, tí àwọn àgbà ogún sì wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, mo rò pé àwọn ọmọ ni n ó fún. Ṣùgbọ́n n ó lọ bá àwọn àgbà náà lẹ́yìn rẹ̀. Onígbèsè tí ó jẹ́ ọmọlúàbí kì í gba ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lọ nítorí pé kò ní owó lọ́wọ́. Yóò lọ kí olówó rẹ̀, yóò san ìwọ̀n tí ó bá ní, bí ó tilẹ̀ kéré, yóò sì dá ọjọ́ fún ìyókù. Náírà 1 nínú 100 kò ní pa àwọn ọmọ lára tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí kò ṣeé faradà ni òfo tí a kọ sí iwájú orúkọ wọn, bí ẹni pé wọn kò wá rí.

Láyé àtijọ́, bí onígbèsè bá ń sá, olówó tàbí ẹni tí ó bá rán a máa dógò tì í: yóò lọ jókòó sí ilé rẹ̀, kò ní kúrò níbẹ̀ títí a ó fi san owó rẹ̀. Nígbà mìíràn tí mo bá wọ yàrá náà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, tí mo rí wọn lórí àwọn bẹ́ńṣì kéékèèké wọ̀nyẹn nínú ilé ìjọba, tí ariwo ọkọ̀ ojú-irin ń kọjá, ọ̀rọ̀ yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ìyàtọ̀ ni pé àwọn wọ̀nyí kì í pariwo, wọn kì í sì í fi nǹkan kan ṣe òfò.

Ní Ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá, ṣọ́ọ̀kì wa tán. Owó kékeré tí ó yẹ kí a máa fi ra irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò tí ì wọlé láti oṣù mélòó kan. Kí n tó la ẹnu, ìyá ẹlẹ́ja ti tú etí ìró rẹ̀, ó mú igba náírà jáde, ó gbé e sórí tábìlì. Àwọn yòókù dá tiwọn mọ́ ọn. A rán èyí tí ó kéré jù nínú wọn lọ sí ìsọ̀ tí ó wà ní ìgun. Kí ó tó dé, ìyá náà ti ń fi ìka kọ orúkọ rẹ̀ sínú eruku orí tábìlì. Ó kọ ọ́ dé ìdajì, ó dúró, ó wò ó, ó pa á rẹ́, ó tún un bẹ̀rẹ̀.